Kọ̀ǹpútà Tó Fẹ́ Gba Bọ́ọ̀sì Wa

Wọ́n so wáyà mọ́ mi lára bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi mí tan iná!

Mẹ́ta ní ìka ọwọ́ òsì, ọ̀kan ní ọrùn ọwọ́, wọ́n tún wá lẹ nǹkan tútù kan mọ́ mi láyà. Yàrá tí a máa ń kó bùtà tó bàjẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Kọ̀ǹpútà kan dojú kọ mí, orí rẹ̀ tó tẹlifíṣọ̀n, ó ń ké bí òròmọdìẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù: píò, píò, píò.

"Làsísì," Dókítà Olúgbénró bi mí, "ṣé inú rẹ ti ń dùn?"

"Rárá, sà."

"Kí ni orin yìí ń ṣe nínú ọkàn rẹ?"

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé orin ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Mo na ọrùn wò ó. Ohun tó kọ ni pé: "Ẹni àkọ́kọ́: ọkàn rẹ̀ yigbì."

Èmi! Ọkàn tèmi ló yigbì! Èmi tí mo sunkún nígbà tí àdìẹ mi kú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ìlúpéjú ni ilé-iṣẹ́ wa wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke là ń ṣe níbẹ̀, àti bùtà, àti póò ọmọdé. Chief Dàwódù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ín. Láti ìgbà tí ìjọba sójà ti gbé SAP, ètò ẹ-fún-ìgbànú-yín-le, dé ni Chief ti ń fi SAP bojú, tí wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ yọ oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní SAP ni. Wọ́n yọ ọṣẹ ìfọwọ́. SAP ni. Wọ́n yọ bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sàídátù, tó ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bi wọ́n pé ṣé SAP náà kì í yàgbẹ́ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì!

Àràárọ̀ ni Teslim dẹ́rẹ́bà ń fi bọ́ọ̀sì náà kó wa láti Agége, á gba Ìkẹjà, á gba Onígbòǹgbò, á kó wa dé Ìlúpéjú. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á kó wa padà. Bọ́ọ̀sì náà ti darúgbó o. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, inú bọ́ọ̀sì la ti ń ṣí agbòjò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin Agége sí Ìlúpéjú, kó tó débẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ló máa bá.

Chief wá ní àwọn fẹ́ tà á. A fárígá. A ní tí bọ́ọ̀sì bá ti lọ, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa ṣe ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Dókítà Olúgbénró ti já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Chief ni. Ọdún mọ́kànlá ló lò nílùú òyìnbó, tó ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọrin àti bí orin ṣe ń wọ èèyàn lọ́kàn. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta péré, ó ń rán kóòtù.

Chief kó wa jọ, wọ́n gun orí àpótí.

"Ẹ gbọ́! Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ló ń rẹ̀ yín. Ọkàn yín ni ò dùn! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dùn, á fẹsẹ̀ rìn wá láti Agége, á tún máa jó bọ̀. Dókítà yìí á fi orin mú ọkàn yín dùn, ẹ ò sì ní wá bọ́ọ̀sì mọ́."

"Chief," Sàídátù ní, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ta mọ́tò yín, ká máa kọrin fún yín wò ná."

Chief ò gbọ́. Tàbí kẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Àdéhùn tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ara géètì, tí Chief fọwọ́ ara wọn buwọ́ lù, rèé: Dókítà á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí ọkàn wa. Lẹ́yìn náà, ìdánwò ọjọ́ kan. Tí orin rẹ̀ bá mú wa ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé ọkàn wa ti dùn nìyẹn, wọ́n á ta bọ́ọ̀sì. Tí kò bá pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, bọ́ọ̀sì dúró, Chief ò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì là ń ṣe lójúmọ́, ìyẹn nígbà tí Nẹ́pà bá ṣojú àánú.

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́, tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, ìyẹn ẹni tó bá rí i jẹ, ẹnì kan nínú wa á wọ yàrá wáyà. Dókítà á fi nǹkan ìgbọ́rin ńlá kan dé etí ara rẹ̀ méjèèjì gbágbágbá. Ohùn kọ̀ǹpútà nìkan ló ń gbọ́. Ohun mìíràn láyé yìí, kò gbọ́, àfi tó bá ṣí i díẹ̀ gba ìdáhùn wa. Tí ilé bá ń jó, àfi kí wọ́n kọ lẹ́tà sí i.

Nígbà tó kan Sàídátù, Dókítà ní orin arò lòun fẹ́ fi dán an wò. Ó ní nílùú òyìnbó, ọkùnrin onírùngbọ̀n gbọ́ orin náà, ó sunkún títí ó fi gba ìsinmi àìsàn. Fúúú, fúúú, fúúú, kọ̀ǹpútà ń ṣọ̀fọ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

"Hàáán-kúrú! Hàáán-kúrú!"

Sàídátù ti sùn lọ! Ó ń hanrun débi pé bébà orí tábìlì ń fò. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo ìdí ọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ìbànújẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ kọjá omijé."

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Dókítà ní òun fẹ́ fi ìgboyà sí gbogbo wa lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn sípíkà inú ilé-iṣẹ́, ó ṣí orin kan.

Pam-pa-ra-ram! Pam-pa-ra-ram!

Ṣé ẹ mọ orin yẹn? Orin tí rédíò máa ń kọ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìròyìn ò bá jáde, tí sójà kan á wá fi ohùn líle bẹ̀rẹ̀ pé "Ẹ̀yin ará ìlú." Ọmọ Nàìjíríà wo ló gbọ́ ọ tí kò wá ibi sá sí?

Gbìràmù! Gbogbo wa ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ta ni wọ́n lé? Ta ló gbà á?" Sàídátù ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì borí. Bàbá Nùréènì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì wa, ti géètì pa, wọ́n bọ́ káàkì ọrùn wọn sọnù, ó ku ṣòkòtò péńpé, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí sójà tuntun ṣi àwọn mú mọ́ sójà tí wọ́n ń lé. Chief alára ń ké láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pé kí ẹnì kan sáré lọ wò ó bóyá báńkì ṣì ṣí.

Dókítà dúró láàárín wa, ó ń kọ̀wé. Mo rí i kedere láti ibi tí mo dojú bolẹ̀ sí: "Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún orin náà."

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti aago méjì ni mo ti jókòó sínú wáyà. Ìlà kan ń lọ lójú kọ̀ǹpútà, Dókítà ní bí ọkàn mi ṣe ń lù nìyẹn. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Orin ayọ̀, ó tẹ́. Orin ìfẹ́, ó tẹ́. Orin kan tí Dókítà fi ọdún méjì ṣe, ó tún wá tẹ́ sí i. Àfìgbà tí aago márùn-ún lù.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lágbègbè wa ló ní fèrè tirẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ó tó, ẹ máa lọ sílé. Tiwa a máa bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè, á tún gòkè, á wá bú: Húùùù-úúú-HÀÀÀ!

Ìlà fò! Ó fò débi pé díẹ̀ ló kù kó jáde nínú kọ̀ǹpútà!

Dókítà náà fò. Kò gbọ́ fèrè o, nǹkan ti dí i létí. Ìlà nìkan ló rí.

"Ó ti wọlé! Làsísì, ó ti wọ ọkàn rẹ! Kí lo gbọ́?"

Mo wò ó. Mo ronú kan bọ́ọ̀sì.

"Ohun tó dùn ni mo gbọ́, sà."

Ṣé mo parọ́?

Bó ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn. Lójoojúmọ́, lágogo márùn-ún géérégé, ìlà á fò. Tọkùnrin tobìnrin, ọmọ mọ́ṣáláṣí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ti so máìkì kan rọ̀ lẹ́bàá fèrèsé yàrá náà. Ó ní nígbàkigbà tí ọkàn bá ti fò, kọ̀ǹpútà á gba ohùn tó wà nínú yàrá pamọ́, kó lè mọ èyí tó mú un fò. Ọdún mọ́kànlá nílé ìwé, kò wo aago lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣé ká sọ fún un?" mo bi Sàídátù.

"Sọ kí ni? Ṣé ìwọ lo rán an lọ sílé ìwé?"

A gbẹ́nu dákẹ́. Èrò wa ni pé tí kò bá ti mọ ohun tó ń dùn mọ́ wa, ìdánwò rẹ̀ á forí ṣánpọ́n, bọ́ọ̀sì wa á dúró. A ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò dà bí Dókítà. Ó ń gbọ́ràn.

Ọjọ́ ìdánwò pé, Ọjọ́bọ̀ ni. Chief wọ kóòtù tuntun. Wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn méjì wá láti Opebi, àwọn náà ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, wọ́n fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi orin rọ́pò oúnjẹ. Èyí tó wá bí mi nínú jù lọ ni ọkùnrin kan tó dúró níta, tó ń fẹsẹ̀ ta táyà bọ́ọ̀sì wa. Ẹni tó fẹ́ rà á ti dé! Teslim jókòó sórí àga rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó di ọwọ́ mọ́ sítíárì, ó ní àfi kí wọ́n ta òun mọ́ ọn.

Dókítà bọ́ síwájú.

"Kọ̀ǹpútà ti kó gbogbo ohun tó mú ọkàn yín fò jọ, ó ti fi wọ́n hun orin kan ṣoṣo. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, á máa gòkè. Tó bá wá dé òkè pátápátá..." Ó dijú. "Ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ wà mọ́."

Ó dé nǹkan ìgbọ́rin rẹ̀ mọ́ etí. Aago mẹ́jọ lù. Ó tẹ bọ́tìnì.

Tín-tín-tín, gbì! Tín-tín-tín, gbì!

Kí n má parọ́, orin náà bá ẹ̀rọ mu. Ẹ̀rọ gbì, orin gbì. A ti bára wa sọ ọ́ pé ká máa fọwọ́ fà á, ká ṣe bí aláìsàn, ṣùgbọ́n Chief dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń fi ojú kọ kúérì. Ọwọ́ wa náà sì ti dalẹ̀. Ọkàn mi ń sunkún, ọwọ́ mi ń jó! Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń jábọ́ gbàà, gbàà, gbàà. Sàídátù ń tò ó sínú àpò, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣépè.

"Làsísì, dẹ̀ ẹ́ lára!"

"Mo ń dẹ̀ ẹ́! Kò dẹ̀!"

Aago mẹ́sàn-án, ẹgbẹ̀ta. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin! Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kí aago méjì tó lù, a ti fọwọ́ ara wa ta bọ́ọ̀sì. Chief ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ará Opebi ń mi orí. Ọkùnrin onítáyà ti wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ń yẹ ìdí rẹ̀ wò. Mo ti ń fojú inú rí ara mi lójú ọ̀nà Onígbòǹgbò, bàtà lọ́wọ́, òjò lórí. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Orin ń gòkè. Ó tún gòkè. Dókítà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Kọ̀ǹpútà dákẹ́ díẹ̀.

Húùùù-úúú-HÀÀÀÀÀÀ!

Láti gbogbo sípíkà! Fèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà kó jọ, tó dì pọ̀ mọ́ra wọn, ó le ju ojúlówó lọ!

Gbì. Ọwọ́ mi ti pa ẹ̀rọ kí orí mi tó bi í pé kí ló dé.

Gbì, gbì, gbì, gbogbo ẹ̀rọ kú. Aṣọ iṣẹ́ ń fò lókè. Kí n tó bọ́ tèmi tán, Sàídátù ti bójú, ó ti lé tìróò, ó ti dé ibi bọ́ọ̀sì. Bàbá Nùréènì ti ṣí géètì gbayawu, wọ́n ti mú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá jáde sí dání. Gbrrrum! Teslim ti ta bọ́ọ̀sì jí. Ẹni tó fẹ́ rà á yọ lábẹ́ rẹ̀ bí alángbá, tòun ti gírísì lójú.

Chief ńkọ́?

Chief gbé báàgì. Chief tún kóòtù ṣe. Chief bọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́.

"Ó dàárọ̀ o. Ẹ bá mi kí ìyàwó."

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ! Ogún ọdún ni fèrè yẹn ti ń lé wọn lọ sílé, ṣé òní ni wọ́n máa bá a jiyàn? Ọ̀kan nínú àwọn ará Opebi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí, ó ní ó jọ pé ó ti kú. Òun náà bá tiẹ̀ lọ.

Dókítà nìkan ló dúró. Ó ń wò wá bí a ṣe ń sá, tí à ń fò, tí à ń ti ara wa, tí eyín gbogbo wa wà níta. Omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ wo ayọ̀! Ẹ wo ojú wọn! Ẹ dúró o, ó ku apá kejì!"

Apá kejì wo? A ti dé Onígbòǹgbò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

"Làsísì," Sàídátù ní, "kí ló dé tí obìnrin yẹn ń din àkàrà àárọ̀ nírọ̀lẹ́?"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo wòkè. Oòrùn ò tíì dé àtàrí. Mo wo Sàídátù, Sàídátù wo Teslim.

"Ṣé... ká padà ni?" ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

Teslim tẹná mọ́ ọn. Agége!

Bí mo ṣe wọlé ni Hàmdálàt ìyàwó mi ju síbí ọwọ́ rẹ̀ nù, ó káwọ́ lérí. "Ye! Wọ́n ti lé e! Wọ́n ti lé ọkọ mi!" Kí n tó ṣàlàyé, àwọn ará ilé ti ń bá mi kẹ́dùn, bàbá onílé ti ń wo bẹ́ẹ̀dì mi bóyá ó ṣeé tà. Dẹ́rẹ́bà Chief sì ròyìn fún wa lẹ́yìn náà pé Chief délé, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìsùn, wọ́n ní kí wọ́n tan ìròyìn fáwọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó wọn ní, "Bàbá, ara yín yá ṣá? Aago méjìlá ọ̀sán là ń sọ yìí o."

Lọ́jọ́ kejì, Chief fẹ́ fi igbe ya ilé-iṣẹ́ lulẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó jáde ṣáájú aago márùn-ún ló máa gba kúérì, ẹni tó sì kọ́kọ́ jáde, kó máa kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé pátápátá.

"Nùréènì! Mú ìwé géètì wá! Ka orúkọ ẹni àkọ́kọ́!"

Bàbá Nùréènì fi awò sójú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú.

"Sà, ṣé kí n kà á sókè ni?"

"Sókè! Kí gbogbo ayé gbọ́!"

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Chief Dàwódù. Wọ́n ń súfèé."

Sàídátù ki orí bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń gbọ̀n. Ikùn lèmi dì mú ní tèmi.

Chief wo ìwé. Ìwé wo Chief. Kúérì di ìtàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ò sì ju ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé díẹ̀ lọ, àdéhùn ṣì wà lára géètì, ọwọ́ Chief wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Bọ́ọ̀sì dúró!

Chief ì bá lé Dókítà lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ sọ ọ́ fún ìyàwó wọn nílé? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fèrè wa wá jó. Ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, SAP sì ti ti ìlú òyìnbó jìnnà sí wa. Chief ronú títí. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n wo Dókítà.

Iṣẹ́ tí Dókítà ń ṣe títí dòní nìyẹn. Fèrè! Ọdún mọ́kànlá nílùú òyìnbó, ó wá di fèrè! Wọ́n fún un ní àga tó ń yí, wọ́n kọ "Ẹ̀ka Ìwádìí Orin àti Ọkàn" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Tó bá ti di aago márùn-ún, á gbé ìka kan sókè, á tẹ̀ ẹ́. Húùùù-úúú-HÀÀÀ! Kò sí òṣìṣẹ́ tí a fẹ́ràn bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìlúpéjú. Àgbàdo sísun ni Sàídátù ń gbé lọ fún un.

Lánàá, aago mẹ́ta ààbọ̀ ló tẹ̀ ẹ́. A yọjú sí i pé, "Dókítà, kí ló dé?" Ó ní ọkàn òun kàn fò ni.

A ṣì ń rò ó bóyá ká dúró tàbí ká lọ, ni Bàbá Nùréènì bá ké sí wa láti géètì pé ká yé fi àkókò ṣòfò. Chief ti jáde.